Ọkọ̀ pákó àlòkù lórí ọ̀sà Ìgbògbò: Ìfòfindè nìkan kò lè dá ikú dúró

Bí ọkọ̀ ojú omi kan bá dojú dé lórílẹ̀-èdè yìí, tí wọ́n bá ń fa òkú ènìyàn jáde nínú omi, ọ̀rọ̀ tí àwọn aláṣẹ máa ń kọ́kọ́ sọ kì í yí padà. Wọ́n á ní ọkọ̀ onípákó ni, wọ́n á ní ọkọ̀ àtijọ́ ni, wọ́n á ní ó yẹ kí irú rẹ̀ kúrò lójú omi pátápátá. Bí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀ tán, wọ́n á bá àwọn ẹbí olóògbé kẹ́dùn, ó tún di ìgbà tí òmíràn bá rì. Ìbéèrè kan wà tí wọn kì í bèèrè: nígbà tí wọ́n ń kan ọkọ̀ náà létí omi, ta ni ó lọ yẹ̀ ẹ́ wò? Pákó wo ni wọ́n fi kàn án? Ènìyàn mélòó ni ó lè gbé kí omi tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú rẹ̀? Níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti sí ìdáhùn sí àwọn ìbéèrè wọ̀nyí, bí wọ́n fòfin de ọkọ̀ onípákó lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, omi kò ní yé gbé ènìyàn lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ará Ìgbògbò, nítòsí Ìkòròdú, gbọ̀ngbọ̀n. Bayékù, tí àwọn àti Ìgbògbò jọ wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ onídàgbàsókè tí ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ lọ́dún 2003, ni ó wà létí omi gan-an. Bí ènìyàn bá dúró ní èbúté Bayékù, òdìkejì ọ̀sà ni Láńgbàsà àti Bàdóre wà, lọ́nà Ajah. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi mọ́tò dé ibẹ̀ ní láti gba Ìkòròdú lọ sí Mile 12, kí ó gun afárá Third Mainland, kí ó tún wá já sí ọ̀nà Lẹ́kí. Bí kò bá fẹ́ gba ibẹ̀, àfi kí ó yí gba Ìtòìkín àti Ẹ̀pẹ́. Lọ́jọ́ tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ bá pọ̀, ọ̀pọ̀ wákàtí ni ìrìn àjò náà máa ń gbà. Ẹni tí ó bá gba ojú omi yóò ti dé kí ẹni tí ó gba orí ilẹ̀ tó jáde ní Ìkòròdú. Afárá kẹrin tí ìjọba ti ń sọ láti ọjọ́ pípẹ́, èyí tí wọ́n ní yóò gùn tó kìlómítà 38, tí ètò rẹ̀ sì fi hàn pé yóò gba Láńgbàsà àti Bayékù kọjá, kò tíì sí ẹni tí ó gba orí rẹ̀ rí. Nítorí náà, omi ni títì àwọn ènìyàn yìí. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n má gun ọkọ̀ onípákó mọ́, ó yẹ kí wọ́n sọ ohun tí wọn yóò máa gùn.

Ọkọ̀ kíkàn kì í ṣe iṣẹ́ àjòjì ní ilẹ̀ yìí. Lọ́dún 1987, darandaran kan tí ó ń gbẹ́ kànga ní Dufuna, ní ibi tí ó di ìpínlẹ̀ Yobe lónìí, kan ọkọ̀ kan lábẹ́ ilẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé ó ti tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ọdún tí wọ́n ti gbẹ́ ẹ. Ó gùn ju mítà 8 lọ, odidi igi kan ni wọ́n sì fi ṣe é. Irú ọkọ̀ tí wọ́n ń gbẹ́ láti ara igi kan bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba ńlá àwọn apẹja fi ń rin ọ̀sà Èkó. Kò ní oríkèé, kò ní ìṣó, omi kò sì rí àlàfo gbà wọ inú rẹ̀.

Ohun tí ó yí nǹkan padà ni igi. Àwọn igi ńláńlá tí wọ́n fi ń gbẹ́ ọkọ̀ ti tán nínú igbó tí ó sún mọ́ ọ̀sà. Láti ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ń wá gẹdú báyìí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn oníṣòwò gẹdú máa ń so igi pọ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, tí wọ́n á jẹ́ kí wọ́n léfòó, tí ọkọ̀ onínẹ́ńjìnnì á sì máa fà wọ́n gba ojú omi láti apá Oǹdó wá sí ibi ìlagi Òkò-Bàbá ní Ẹ̀búté-Mẹ́tta. Pákó tí ó bá jáde níbẹ̀, àwọn kọ́lékọ́lé àti àwọn tí ń ṣe àga ni wọ́n ń dùbúlẹ̀ dè é, owó rẹ̀ sì ń lọ sókè. Ẹni tí ó ń kan ọkọ̀ fún apẹja kò lágbára láti bá wọn du pákó tuntun. Bí ó ṣe di pé wọ́n ń lo àlòkù nìyẹn.

Àlòkù ọ̀hún pọ̀ ní oríṣiríṣi. Àwókù ọkọ̀ kan ni yóò di ìhà ọkọ̀ mìíràn. Pákó tí wọ́n fi da kankéré ilé, tí wọ́n ti lò tán, yóò di ìjókòó èrò. Aṣọ gbígbó tàbí òwú ni wọ́n á fi dí àlàfo àárín pákó méjì, wọ́n á wá yọ́ ọ̀dà lé e lórí. Níbi tí ó bá ń jò síbẹ̀, wọ́n á fi páànù pélébé kàn án mọ́lẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n gé ẹnu rẹ̀ ni wọ́n fi ń gbọ́n omi jáde. Ẹ́ńjìnnì tí ó wà nídìí ọkọ̀ náà, tòkunbọ̀ ni. Ẹnikẹ́ni tí ó bá gba orí afárá Third Mainland kọjá ti rí ọkọ̀ àwọn tí ń wa iyanrìn pẹ̀lú ìgbòkun tí wọ́n fi tapólì àti àpò àlòkù rán pọ̀, tí afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ láìlo epo bẹntiróòlù kankan. Àwọn kan máa ń fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́. Kì í ṣe ohun yẹ̀yẹ́. Ọgbọ́n ni, iṣẹ́ ọwọ́ sì ni. Ẹni tí ó lè so àpò mọ́ àpò, tí afẹ́fẹ́ sì gbà láti gbé iyanrìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ fún un, kì í ṣe òmùgọ̀.

Ṣùgbọ́n kò yẹ kí àánú bo òtítọ́ mọ́lẹ̀. Àlòkù kan wà tí ó wúlò, òmíràn sì wà tí ó jẹ́ pósí. Omi ọ̀sà Èkó kì í dúró sójú kan láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀. Nígbà òjò, omi odò ló ń pọ̀ nínú rẹ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ níyọ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun á wọlé, ó á sì di omi oníyọ̀. Iyọ̀ yìí ni ó ń jẹ ìṣó, tí ìpẹtà á fi mú un láti inú wá. Àwọn ẹ̀dá kan tún wà nínú omi oníyọ̀ tí wọ́n ń gbẹ́ ihò sínú igi, tí ojú pákó á dán lóde, ṣùgbọ́n tí inú rẹ̀ á ti rí bí afárá oyin. Bí wọ́n bá tú irú pákó bẹ́ẹ̀ kúrò lára ọkọ̀ tí ó ti gbó, tí wọ́n kùn ún lọ́dà, tí wọ́n kàn án mọ́ ọkọ̀ tuntun, kò sí èrò tí ó lè mọ̀. Ihò ìṣó àtijọ́ wà níbẹ̀, ìṣó tuntun kò sì ní dì í mú dáadáa. Ọjọ́ tí ọkọ̀ náà bá kọlu kùkùté igi kan lábẹ́ omi ni àṣírí máa ń tú.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ní oṣù kẹfà, ọdún 2023, ọkọ̀ kan tí ó ń kó àwọn tí wọ́n ti ibi ìgbéyàwó bọ̀ kọlu igi nínú odò Ọya, ní agbègbè Pátígi ní ìpínlẹ̀ Kwara, ó sì fọ́. Àwọn tí wọ́n kú lé ní 100. Ní oṣù karùn-ún, ọdún 2021, ọkọ̀ kan tí ó ń lọ sí Wara ní ìpínlẹ̀ Kebbi já sí méjì láàárín omi. Àwọn aláṣẹ sọ nígbà náà pé 80 ènìyàn ni kò yẹ kí ó gbé jù, ṣùgbọ́n ó ti lé ní 150 tí ó wà nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní, oṣù kẹwàá, ọdún 2024, ọkọ̀ onípákó kan tí ó kó nǹkan bí 300 ènìyàn, àwọn obìnrin àti ọmọdé ló pọ̀ jù nínú wọn, rì ní agbègbè Mokwa ní ìpínlẹ̀ Niger. Ọdún Máólúdì ni wọ́n lọ ṣe. Ní Èkó náà, ọkọ̀ kan tí ó gbéra ní Mile 2 lálẹ́ ọjọ́ kẹjọ, oṣù keje, ọdún 2022, dojú dé, ọ̀pọ̀ èrò inú rẹ̀ sì bá a lọ. Òfin ti ní kí ọkọ̀ má rìn lálẹ́, wọn kò sì wọ ẹ̀wù tí ń múni léfòó.

Bí a bá wo àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ yìí lọ́kọ̀ọ̀kan, a óò rí i pé nǹkan mẹ́ta ni ó ń pààrọ̀ ara wọn níbẹ̀: ọkọ̀ tí agbára rẹ̀ ti tán, èrò tí ó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, àti ìrìn tí kò bá òfin mu. Pákó nìkan kọ́ ni ó jẹ̀bi. Ọkọ̀ tí wọ́n fi fáíbà ṣe, tí wọ́n bá kó 150 ènìyàn sínú èyí tí ó yẹ kí ó gbé 80, yóò rì bákan náà. Ẹni tí kò wọ ẹ̀wù, tí kò sì mọ ìwẹ̀ odò, omi kò ní bi í bóyá ọkọ̀ òyìnbó ni ó wọ̀.

Kí ló dé tí èrò fi ń pọ̀ jù? Owó ni. Ẹ́ńjìnnì inú ọkọ̀, epo bẹntiróòlù ni ó ń mu. Kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún, ọdún 2023, jálá lítà kan kò tó 200 náírà. Kó tó di ìparí ọdún 2024, ó ti ń lọ sí bí 1,000 náírà. Láàárín ìgbà yẹn kan náà ni náírà wálẹ̀ gidigidi sí owó dọ́là, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ òkèèrè ni ẹ́ńjìnnì àti oògùn tí wọ́n fi ń ṣe fáíbà ti ń wá. Ẹni tí ó ni ọkọ̀ kò lè sọ owó ọkọ̀ di ìlọ́po márùn-ún fún alájàpá ẹja. Ohun tí ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn ni kí ó fi ènìyàn márùn-ún sí i lórí èyí tí ọkọ̀ yẹ kí ó gbé, kí ó sì fi pákó àlòkù pa ibi tí ó ń jò. Bí ọ̀wọ́n gógó ọjà ṣe ń di ikú lórí omi nìyẹn, láìsí ẹni tí ó mọ ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan wà lórí ọ̀sà yìí kan náà tí ó yẹ kí ó ti kọ́ni lọ́gbọ́n. Ní Mákòkó, láàárín ọdún 2012 sí 2013, ayàwòrán ilé, Kúnlé Adéyẹmí, àti àwọn ará àdúgbò náà kọ́ ilé ẹ̀kọ́ kan sórí omi. Igi àti ọparun ni wọ́n fi kọ́ ọ, ó ní àjà mẹ́ta, agbá oníke 256 sì ni wọ́n tò sábẹ́ rẹ̀ tí ó fi léfòó. Òkìkí ilé yìí kàn ká gbogbo ayé. Ní oṣù kẹfà, ọdún 2016, òjò ńlá kan rọ̀, ilé náà sì wó. Ọlọ́run bá wọn ṣe é, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kò sí níbẹ̀ mọ́, wọ́n ti kó wọn kúrò. Lọ́dún yẹn kan náà ni irú rẹ̀ kejì gba ẹ̀bùn Kìnnìún Fàdákà ní Venice, ní ilẹ̀ Ítálì. Ilé kan gba ẹ̀bùn lókèèrè, èyí tí ó jẹ́ àkọ́bí rẹ̀ sì ti wó nílé. Kì í ṣe pé agbá àlòkù kò dára. Ọdún mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi gbé e dúró. Ohun tí ó dá àríyànjiyàn sílẹ̀ lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ìtọ́jú: ta ni ó yẹ kí ó máa wo igi tí ó ń jẹrà, okùn tí ó ń já, àti agbá tí ó ń jò? Ìbéèrè yẹn kan náà ni ti ọkọ̀ Bayékù.

Ìṣirò agbá yìí gan-an yẹ ní mímọ̀, nítorí pé nígbà ìkún omi, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń so agbá mọ́ pákó láti fi gba ẹ̀mí ara wọn là. Agbá oníke tí ó ń gba lítà 200, bí wọ́n bá dí ẹnu rẹ̀ pinpin, ẹrù tí yóò gbé kí ó tó wọ inú omi tán kò tó kìlógíráàmù 200. Ẹni tí ó bá so irú rẹ̀ 10 pọ̀ lè máa rò pé òun ti rí ohun tí yóò gbé ènìyàn 25. Ó ti gbàgbé pé pákó tí ó tẹ́ sórí rẹ̀ wúwo, pé pákó tí omi bá mu tún ń wúwo sí i, pé ènìyàn kì í sì í jókòó sójú kan nígbà tí ẹ̀rù bá ń bà wọ́n. Bí gbogbo wọn bá sún sí apá kan, yóò dojú dé. Bí agbá ẹyọ kan bá ń jò, yóò tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ìdajì agbára agbá ni ọlọ́gbọ́n máa ń kà mọ́ ẹrù, ìdajì tí ó kù jẹ́ ti ewu. Oòrùn náà sì máa ń sọ ike di ohun tí ó ń sán. Agbá tí ó ti pẹ́ lóòrùn kò yẹ lábẹ́ ènìyàn.

Àwọn ará Ajégúnlẹ̀ lójú ọ̀nà Ìkòròdú mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìkún omi. Ìsédò Ọ̀yán, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1983 ní ìpínlẹ̀ Ògùn, máa ń tú omi sílẹ̀ nígbà òjò, odò Ògùn ni omi náà sì ń gbà dé ọ̀sà. Ní oṣù kẹwàá, ọdún 2010, omi yìí bo Ajégúnlẹ̀ àti àwọn àdúgbò tí ó yí i ká, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló sá kúrò nílé, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ni wọ́n sì fi ń wọ ojúlé wọn. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tí yóò dúró de ọkọ̀ ìjọba. Ohun tí ọwọ́ bá tó ni wọn yóò wọ̀. Ní oṣù kẹwàá, ọdún 2022, ọkọ̀ tí ó ń kó àwọn tí wọ́n sá fún ìkún omi ní Ògbárú, ní ìpínlẹ̀ Anambra, rì, ènìyàn 76 sì kú. Ibi tí wọ́n ti ń sá fún omi ni omi ti pa wọ́n.

Níbo wá ni ìjọba wà? Ìjọba àpapọ̀ dá àjọ NIWA, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Lọ́kọ́ja, sílẹ̀ lọ́dún 1997 láti máa bójú tó àwọn odò àti ọ̀sà. Ìpínlẹ̀ Èkó dá LASWA tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 2008. Láti ìgbà náà ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀ lórí ẹni tí yóò máa fún ọlọ́kọ̀ níwèé àṣẹ, tí yóò sì máa gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́dún 2014, ilé ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ dá NIWA láre. Lọ́dún 2017, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá Èkó láre. Ní ọjọ́ karùn-ún, oṣù kìíní, ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní NIWA ni òfin fún láṣẹ. Ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi ń fa ọ̀rọ̀ yìí láti ilé ẹjọ́ kan dé èkejì, káfíńtà tí ó ń kan ọkọ̀ létí ọ̀sà ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Erin méjì ń jà, koríko ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, àwọn èrò inú ọkọ̀ sì ni koríko náà.

Kì í ṣe pé ìjọba kò ṣe nǹkankan. Ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ LAGFERRY ní oṣù kejì, ọdún 2020. Ètò kan tí wọ́n ń pè ní Omi Èkó náà tún wà, tí ilé iṣẹ́ ìdàgbàsókè ilẹ̀ Faransé, ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù àti báńkì ìdókòòwò wọn dá owó sí, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ mílíọ̀nù 410 owó yúrò. Èbúté tuntun, ọ̀nà omi tí wọ́n gbẹ́, àti ọkọ̀ tí ń lo iná mànàmáná ló wà nínú rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ náà ti gbé ìlànà ìrìnnà ojú omi jáde, tí ó sọ ẹ̀wù ìmúniléfòó di dandan, tí ó sì fòfin de ìrìn òru. Ohun rere ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ńlá tí ń lo iná, èbúté ńlá ni yóò máa yà. Apẹja tí ó ń lọ ta àwọ̀n láàárọ̀, obìnrin tí ó ń gbé ẹja lọ sọ́jà, ọmọ tí ó ń sọdá lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní abúlé kékeré, ọkọ̀ onípákó ni yóò ṣì máa gbé wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn wọ̀nyí ni òfin kò rí.

Àwọn òyìnbó pàápàá kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ tí ó dára. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní nǹkan bí 150 ọdún sẹ́yìn, àwọn ọlọ́jà kan máa ń kó ẹrù àkójù sínú ọkọ̀ òkun tí ó ti jẹrà, nítorí wọ́n mọ̀ pé bí ó bá rì, owó adójútòfò yóò wọlé fún wọn. Àwọn atukọ̀ ń pe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní pósí. Ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kan, Samuel Plimsoll, ni ó pariwo títí tí wọ́n fi ṣe òfin lọ́dún 1876 pé kí wọ́n fa ìlà sára ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí omi bá ti bo ìlà náà, ẹrù ti pọ̀ jù nìyẹn. Ó tún gba ọdún díẹ̀ sí i kí òfin tó gba ibi tí wọn yóò fa ìlà náà sí kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ọkọ̀. Ìlà lásán tí wọ́n fi ọ̀dà kùn ni. Kò náni ní nǹkan púpọ̀, ẹni tí kò mọ̀wé sì lè kà á. Títí di òní, ó wà lára ọkọ̀ òkun gbogbo tí ó ń gúnlẹ̀ ní Apápá.

Kí ni ó dé tí irú ìlà bẹ́ẹ̀ kò fi lè wà lára ọkọ̀ Bayékù? Bí NIWA àti LASWA bá pa ìjà wọn tì, wọ́n lè ka gbogbo àwọn tí ń kan ọkọ̀ láti Ìgbògbò dé Ẹ̀pẹ́, kí wọ́n sì kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Wọn kò ní pọ̀ tó àwọn tí ń ṣe mọ́tò ní Ìkòròdú. Káfíńtà tí orúkọ rẹ̀ bá ti wà nínú ìwé yóò fi àmì rẹ̀ sára ọkọ̀ tí ó bá kàn, kí wọ́n lè mọ ẹni tí wọn yóò bi léèrè. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò ní ìlà pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti iye ènìyàn tí ó yẹ kí ó gbé, tí wọ́n kọ gàdàgbà-gadagba sí i lára ní èdè Yorùbá. Èrò tí ó bá ń wọlé lè fi ojú ara rẹ̀ rí i pé omi ti kan ìlà, kí ó sì kọ̀ láti wọ̀ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, kí òjò tó dé, kí ẹni tí ó mọ igi wá fi ọ̀bẹ gún ìdí ọkọ̀ wò. Bí ọ̀bẹ bá wọlé bí ẹni gún ẹ̀kọ, kí wọ́n tú pákó náà.

Ọ̀rọ̀ pákó pàápàá ní ọ̀nà àbáyọ tí kò jìnnà. Agbówà, lọ́nà Ẹ̀pẹ́, ni ìpínlẹ̀ Èkó yàn láti kó àwọn onígẹdú Òkò-Bàbá lọ. Bí ìjọba bá bá àwọn onígẹdú ṣàdéhùn pé kí wọ́n máa ya ìwọ̀nba pákó tí ó le sọ́tọ̀ fún àwọn tí ń kan ọkọ̀, ní owó tí apá wọn ká, pákó jíjẹrà yóò dín kù lójú omi. Èyí kò ní gba mílíọ̀nù owó yúrò.

Àlòkù náà kò sì yẹ ní jíjù dànù pátápátá. Ní Lamu, ní ilẹ̀ Kenya, àwọn kan yọ́ ike tí wọ́n ṣà létí òkun, nǹkan bí tọ́ọ̀nù 10, wọ́n sì fi ṣe ọkọ̀ onígbòkun tí ó gùn ní mítà 9. Flipflopi ni wọ́n pe orúkọ rẹ̀, nítorí pé sálúbàtà onírọ́bà ni wọ́n fi bo ara rẹ̀. Lọ́dún 2019, ó rìn láti Lamu dé Zanzibar. Àwọn káfíńtà ọkọ̀ ìbílẹ̀ ni wọ́n kàn án, wọ́n kàn mú ọgbọ́n igi lọ sára ike ni. Lórí ọ̀sà Èkó, ike ni ó ń dí ojú gọ́tà, tí ó sì ń wé mọ́ ẹ́ńjìnnì. Ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de abọ́ fóòmù tí wọ́n fi ń ta oúnjẹ ní oṣù kìíní, ọdún 2024, ṣùgbọ́n fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di firíìjì àti tẹlifíṣàn ṣì pọ̀ nílẹ̀. Bí wọ́n bá kó o sábẹ́ ìjókòó ọkọ̀, tí wọ́n sì fi pákó bò ó, ọkọ̀ náà kò ní rì lọ sí ìsàlẹ̀ bí omi bá tilẹ̀ kún inú rẹ̀, àwọn èrò á sì rí nǹkan dì mú. Kí wọ́n sáà ṣọ́ra kí epo bẹntiróòlù má kàn án, nítorí pé epo máa ń yọ́ fóòmù bí omi ṣe ń yọ́ iyọ̀. Irú ìmọ̀ kékeré báyìí ni ó yẹ kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba máa gbé lọ sí èbúté, dípò kí wọ́n máa gbé ìwé owó ìtanràn nìkan.

Àwọn ọlọ́kọ̀ náà ní ẹ̀bi tiwọn, kò sì yẹ kí ìtàn òṣì bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé ìdí ọkọ̀ òun ti jẹrà, tí ó kùn ún lọ́dà tí ó sì pe èrò wọlé, ó mọ ohun tí ó ń ṣe. Ẹni tí ó kó ẹ̀wù ìmúniléfòó pamọ́ sábẹ́ ìjókòó nítorí pé kò fẹ́ kí ó dọ̀tí, tí ó ń dúró dìgbà tí ó bá rí ọlọ́pàá ojú omi kí ó tó pín in, ẹ̀mí ènìyàn ni ó fi ń ta tẹ́tẹ́. Àwọn èrò pẹ̀lú, tí wọ́n ń fi ìkánjú wọ ọkọ̀ tí ó ti kún, kí wọ́n rántí pé ẹni tí ó pẹ́ kó tó dé sàn ju ẹni tí kò dé mọ́ lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ̀bi tí ó tóbi jù wà lọ́rùn ẹni tí ó ní agbára láti yẹ̀ wò tí kò yẹ̀ wò. Fífi òfin lé ọkọ̀ onípákó kúrò lójú omi, nígbà tí kò sí èyí tí yóò rọ́pò rẹ̀ ní gbogbo èbúté kéékèèké, ohun tí yóò bí ni pé wọn yóò máa kàn án ní ìkọ̀kọ̀, wọn yóò máa wà á lóru, pákó tí ó burú jù ni wọn yóò sì máa lò, nítorí pé kò sí ẹni tí ń náwó gidi sórí ohun tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ òun lọ́la. Iṣẹ́ tí ó ti wà nílẹ̀ yìí kí àwọn ìjọba méjèèjì tó dé kò ní parẹ́ nítorí ìkéde kan. Bí wọ́n bá mú un wá sójú ọ̀nà, tí wọ́n fa ìlà sí i lára, tí wọ́n sì fi orúkọ ẹni tí ó kàn án hàn, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ni wọn yóò gbà là. Omi kò lọ́tàá, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Kò sì ní ojú àánú fún ẹni tí ó bá fi pákó jíjẹrà wá bá a ṣeré.